Kóòṣì tó ti fẹsẹ̀ kọ: iṣẹ́ wo ni kó gbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ti ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ Sátidé, àríyànjiyàn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa. Ká ní yunifásítì ńlá kan lé olórí kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó ń fìdí rẹmi, ìwà ló bá a jẹ́. Ọdún kan kọjá, ọ̀nà mẹ́ta wá ṣí sílẹ̀ fún un: kó lọ ṣe olórí kóòṣì ní yunifásítì kékeré kan tó wà ní kọ̀rọ̀, kó lọ ṣe igbákejì lábẹ́ kóòṣì ńlá kan, tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́, kó máa retí ilé ńlá míì. Èmi ní kó jókòó, torí pé ẹni tó ti jọba rí, báwo ló ṣe fẹ́ padà wá máa jẹ ìjòyè? Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi dìde. A sì ti fi owó irun ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tó jàre. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mi ò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn rẹ náà. Odindi ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì eré ìdárayá yunifásítì kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Èmi kì í ṣe kóòṣì. Mi ò tilẹ̀ lè ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó yẹn kó dé ibi tí mo fojú sùn. Ìwé àdéhùn ni iṣẹ́ mi. Ìwé kóòṣì tó ń bọ̀ àti ìwé kóòṣì tó ń lọ, ọwọ́ wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ẹ ń jà lé lórí yẹn, ìbéèrè kejì ni. Kóòṣì tí orúkọ rẹ̀ mọ́ lè kọ́kọ́ wo pápá, kó wo owó, kó wo àwọn ọmọ tó wà nínú tíìmù. Ẹni tí ẹrẹ̀ ti ta sí láṣọ, ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ta ni olùdarí eré ìdárayá níbẹ̀? Ọdún mélòó ló ti lò lórí àga? Ṣé ààrẹ yunifásítì ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ṣé àwọn olówó tó ń náwó lé tíìmù lórí ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀? Nítorí lọ́jọ́ tí ariwo bá dé, tí kò sì ní ṣàì dé, igi kan ṣoṣo tí kóòṣì yẹn máa rí fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Jẹ́ ká mú Bobby Petrino, torí ojú ẹ̀ ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2012, olórí kóòṣì Arkansas ni. Sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, ìdíje 11 ni wọ́n borí, méjì péré ni wọ́n pàdánù, ipò karùn-ún ni wọ́n sì parí sí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọkùnrin yìí wá gun alùpùpù rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Sunday, ó sì ṣubú lójú ọ̀nà kan nígbèríko. Ó ní òun nìkan lòun wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó jáde síwájú àwọn oníròyìn, egungun ìhà rẹ̀ ti sán, wọ́n ti so ohun tí wọ́n fi ń gbé ọrùn dúró mọ́ ọn lọ́rùn, gbogbo ojú rẹ̀ ló bó yánnayànna, síbẹ̀ kò yí ẹnu padà. Ìgbà tí ìwé àwọn ọlọ́pàá jáde ni ayé gbọ́ pé ọmọbìnrin ẹni ọdún 25 kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí alùpùpù náà, òṣìṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní ọ́fíìsì bọ́ọ̀lù, tí nǹkan sì wà láàárín wọn. Jeff Long tó jẹ́ olùdarí eré ìdárayá lé e ní ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Bí o bá wo ìpàdé tí Long fi kéde rẹ̀, wàá rí i pé irọ́ tí Petrino pa fún un ló dùn ún jù.

Bẹ́ẹ̀, ó ní ẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ o. Lọ́dún 2003, nígbà tó wà ní Louisville, ó yọ́ kẹ́lẹ́ lọ bá àwọn ará Auburn sọ̀rọ̀ iṣẹ́, nígbà tí kóòṣì wọn ṣì wà lórí àga. Lọ́dún 2007, ó pa tíìmù Atlanta Falcons tì nígbà tí sáà kò tíì parí, lẹ́yìn ìdíje 13, ìwé pélébé kan tó fi dágbére ni àwọn ọmọ bá níbi àpótí ìkáṣọ wọn. Nítorí náà nígbà tí alùpùpù yẹn ṣubú, kì í ṣe òun nìkan ló ṣubú mọ́ ọn.

Ó jókòó sílé ní gbogbo sáà 2012. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Western Kentucky pè é sí ìlú Bowling Green. Owó tó ń gbà ní Arkansas lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ́dún. 850,000 dọ́là ni apá àwọn wọ̀nyí ká. Ó gbà á. Sáà kan ṣoṣo ló lò, ó borí mẹ́jọ, ó pàdánù mẹ́rin. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀: bó bá fẹ́ lọ kí àdéhùn tó pé, mílíọ̀nù 1.2 dọ́là péré ló máa tú u sílẹ̀. Owó ìtúsílẹ̀ yìí làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní buyout. Lójú yunifásítì ńlá, owó táṣẹ́rẹ́ nìyẹn. Oṣù 13 lẹ́yìn tó dé Bowling Green, Louisville ti wá gbé e lọ, wọ́n sì ṣe ohun tí mo fẹ́ràn gidi gan-an: nínú ìwé tiwọn, mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọ́n kọ síbi tí àwọn ẹlòmíì kọ 1.2 sí. Wọ́n mọ irú ẹyẹ tí wọ́n ń sìn, wọ́n sì gé ìyẹ́ rẹ̀ kúrú.

Ẹni tó gbà á padà ni Tom Jurich. Látọdún 1997 ni Jurich ti ń darí eré ìdárayá ní Louisville, òun ló sì gbé ilé ìwé náà dé ẹnu ọ̀nà líìgì ACC. Nígbà tó bá jókòó ti èèyàn níwájú oníròyìn tó sọ pé ọkùnrin yìí ti yí padà, ìwọ̀nba ni ẹni tó lè já a nírọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ní baba ní ìgbẹ́jọ́, bó bá rojọ́, kò ní jẹ̀bi. Lábẹ́ bàbá yẹn ni Petrino ti kọ́ Lamar Jackson, tó gba àmì ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ta yọ jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì, lọ́dún 2016. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, wọ́n lé Jurich nítorí ìwádìí FBI lórí bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù-sáwọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò kan Petrino rárá. Oṣù 13 lẹ́yìn náà, Petrino náà ti kó ẹrù rẹ̀. Mi ò sọ pé wọn ì bá má lé e bí Jurich bá wà. Tíìmù tó borí méjì, tó pàdánù mẹ́jọ, tí Clemson gba 77 lé lórí, tani yóò gbè é? Ohun tí mò ń sọ ni pé lọ́dún yẹn, kò sí ẹnì kankan mọ́ nínú ilé náà tó lè sọ pé, ẹ fún un ní sáà kan sí i.

Wá wo òdì kejì rẹ̀. Mike Leach, Texas Tech lé e ní òpin ọdún 2009 lórí ẹ̀sùn pé ó fìyà jẹ ọmọ kan tó fi orí gbá nǹkan, tó ní kí wọ́n tì í mọ́ inú àtíbàbà kan; ó ní irọ́ ni. Ọkùnrin yìí ló ṣe ohun tí ìwọ sọ: ó jókòó. Sáà méjì gbáko ló fi wà ní Key West ní Florida, tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìdíje àwọn ẹlòmíì. Bill Moos ti Washington State ló wá mú un ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011. Sáà àkọ́kọ́, ó borí mẹ́ta. Ìkejì, mẹ́fà. Ìkẹta, mẹ́ta. Irú èsì yẹn ti lé kóòṣì tí kò ní àbùkù kankan lára lọ. Moos ò mì. Nígbà tó di 2018, ìdíje 11 ni wọ́n borí ní Pullman, ìlú kékeré àárín oko àlìkámà. Bí ẹ bá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù yín pé jíjókòó ló gba Leach là, màá ní Moos ni.

Jíjókòó yẹn náà, owó ńkọ́? Ó dà bíi pé ẹ̀yin ò mẹ́nu kan owó rárá. Nígbà tí wọ́n bá lé kóòṣì torí pé ó ń pàdánù, wọ́n ní láti san ohun tó kù nínú àdéhùn rẹ̀. Texas A&M lé Jimbo Fisher ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ohun tí wọ́n jẹ ẹ́ lé ní mílíọ̀nù 76 dọ́là. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jókòó títí eyín àgbà fi máa hù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Michigan State lé Mel Tucker lórí ọ̀rọ̀ ìwà, ẹni tí àdéhùn tirẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 95 fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ní àwọn ò ní san èyí tó kù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 80. Ìwà lo sọ pé ó lé kóòṣì tìrẹ, àbí? Á jẹ́ pé kò sí ohun tó ń wọlé. Ilé ń gba owó ilé, àwọn ọmọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, lọ́yà ń kọ owó rẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù.

Ayé sì ti yí padà sí ti ìgbà Leach. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ tí kóòṣì mú wọlé máa ń wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Lónìí, ọmọ lè kó lọ sí yunifásítì míì lọ́dọọdún, àti látọdún 2025 yunifásítì fúnra rẹ̀ lè pín owó fún àwọn eléré rẹ̀, owó tó tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fi sáà méjì sùn, tó bá jí, ọjà míì ló máa bá.

Ọ̀nà ti igbákejì ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá wo ló ń lọ bá? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibì kan wà tó dà bí ilé ìwòsàn fún àwọn kóòṣì tó ti fara gbọgbẹ́: Alabama, lábẹ́ Nick Saban. Lane Kiffin débẹ̀ ní 2014, lẹ́yìn tí yunifásítì USC lé e ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles nígbà tí ọkọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ lóru láti ibi tí wọ́n ti gba 62 lé wọn lórí. Steve Sarkisian débẹ̀ ní 2016 lẹ́yìn tí ọtí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun náà ní USC kan náà. Gbogbo èèyàn máa ń sọ pé wọ́n lọ kọ́ bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ Saban. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ohun tó wò wọ́n sàn jù ni pé Saban kì í jẹ́ kí igbákejì rẹ̀ bá oníròyìn sọ̀rọ̀ àyàfi ọjọ́ tí òfin bá fi dandan lé e. Kiffin, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ káàkiri, ọdún mẹ́ta ló fi dákẹ́! Nígbà tó jáde ní òpin 2016, ó di olórí kóòṣì Florida Atlantic, sáà àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀ ìdíje 11 ló borí. Ó pẹ́ kí ti Sarkisian tó dé, ọdún márùn-ún láti ìgbà tí USC ti lé e, àmọ́ Texas ni wọ́n fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Saban ti fẹ̀yìn tì láti 2024. Kò sí ẹlòmíì tí apá rẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Petrino fúnra rẹ̀ lọ ṣe igbákejì fún Fisher ní Texas A&M lọ́dún 2023, kí sáà yẹn tó parí wọ́n ti lé Fisher. Bí ẹni tó gbé ọ pọ̀n bá ṣubú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà nílẹ̀.

Yunifásítì kékeré wá kù. Níbẹ̀ ni mo fẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyíkéyìí. Wo Hugh Freeze: ó fi Ole Miss sílẹ̀ ní oṣù Keje 2017 nígbà tí wọ́n rí ìpè tí kò yẹ kó wà lórí fóònù tí yunifásítì fún un, nígbà tí ẹjọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ṣì wà lọ́rùn ilé náà. Ní òpin 2018, Liberty mú un. Ilé ìwé onígbàgbọ́ ni Liberty, ní Lynchburg ní ìpínlẹ̀ Virginia. Wọ́n lówó, wọ́n ń wá òkìkí, ọ̀rọ̀ ìdáríjì kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ìdíje àkọ́kọ́, Freeze ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn, kò lè dìde. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lé nínú yàrá òkè pápá, ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tó ń wo Syracuse bó ṣe fi 24 sí òdo lu àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣeé rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n sáà kejì, ìdíje 10 ni wọ́n borí, ọ̀kan ni wọ́n pàdánù, ní òpin 2022 Auburn sì wá mú un padà sí líìgì SEC. Níbẹ̀, olùdarí tó gbà á, John Cohen, kò tíì lo oṣù kan lórí àga nígbà náà. Cohen ò lọ síbì kankan o. Òun náà ló lé e ní oṣù Kọkànlá 2025, lẹ́yìn tí Freeze ti borí 15, tó pàdánù 19. Nítorí náà má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe òògùn. Igi lè dúró digbí kó má sì fẹ́ kí o fẹ̀yìn ti òun mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ kan dúró níbí, torí ẹ̀ṣẹ̀ kò dọ́gba, o ò sì sọ irú ìwà tí kóòṣì yín hù. Ọtí, àgbèrè, ẹnu jíjá, kódà irọ́, mo ti rí wọn tí àkókò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ṣe níbi, tí ọ̀gá sì gbójú fò ó, ọ̀ràn míì nìyẹn. Baylor lé Art Briles ní 2016 lórí bí wọ́n ṣe fọwọ́ mú ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tí wọ́n fi kan àwọn ọmọ tíìmù rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2017, tíìmù Hamilton ní Kánádà gbà á síṣẹ́ láàárọ̀, kí ọjọ́ náà tó parí wọ́n ti yí i padà. Ní 2022, Grambling State gbà á ní igbákejì. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ó kọ̀wé fi í sílẹ̀. Bí irú èyí bá wá bá mi, màá ní kó wá iṣẹ́ míì ṣe, mi ò sì ní gba owó ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ NCAA ló fi àṣẹ show-cause dè é, tó túmọ̀ sí pé yunifásítì tó bá gbà á ní láti wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìjìyà, kó jókòó títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé. Níbẹ̀ nìkan ni mo ti gbà fún ọ.

Ariwo náà lè bẹ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Ní ọjọ́ Sunday kan ní oṣù Kọkànlá 2017, kóòṣì Greg Schiano àti yunifásítì Tennessee ti fẹnu kò lórí iṣẹ́. Àwọn olólùfẹ́ tíìmù gbọ́, wọ́n tú síta lórí ẹ̀sùn kan tí ọkùnrin náà ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí alẹ́ tó lẹ́ dáadáa, iṣẹ́ ti bọ́. John Currie, olùdarí tó fẹ́ gbà á, kò tíì lo ọdún kan ní ọ́fíìsì. Òun náà kò lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán.

Ohun tí màá sọ fún kóòṣì yín rèé tó bá jókòó síwájú mi. Gba ilé kékeré náà bí olùdarí ibẹ̀ bá ti lo ọdún márùn-ún ó kéré tán, tí àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ bá ní kọ́tabáàkì kan, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó ṣeé lò, torí o ò lágbára àtipàdánù ní sáà àkọ́kọ́. Má bá wọn jà lórí owó oṣù. Orí buyout ni kó o ti jà, kó kéré, kó sì máa dínkù lọ́dọọdún. Kó o sì béèrè ẹni tó máa jókòó tì ọ́ nídìí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ọ́ han àwọn oníròyìn. Bí wọ́n bá ní ààrẹ yunifásítì ní ìrìn àjò lọ́jọ́ náà, ìwọ náà wá ìrìn àjò tìrẹ. Bí olùdarí ibẹ̀ bá jẹ́ àlejò, lọ ṣe igbákejì.

Kó sì ka ìwé. Kóòṣì kan wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, òun àti lọ́yà rẹ̀. Ìwé náà nípọn bíi Bíbélì ọmọdé. Ojú ìwé owó ló ṣí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń fi ìka tọ́ nọ́ńbà. Ibi tí a to ohun tó lè mú ká lé e láìsan kọ́bọ̀ sí, ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni, a ti kọ ọ́ pé kódà bó bá fi òótọ́ pamọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ó tó. Kò dúró níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú kan. Ojú ìwé yẹn gan-an la padà fi lé e lẹ́yìn ọdún méjì.

Petrino ńkọ́? Ó padà sí Arkansas ní 2024 gẹ́gẹ́ bí igbákejì, ilé tí wọ́n ti lé e. Ní òpin oṣù Kẹsàn-án 2025 wọ́n lé olórí kóòṣì, wọ́n sì ní kó bá wọn di àga mú. Ìdíje méje ló kù. Méjèèje ló pàdánù, wọ́n sì lọ mú ẹlòmíì wá láti Memphis. Nítorí náà sọ fún ẹni tó ní kó lọ ilé kékeré ní ṣọ́ọ̀bù yín pé òun ló súnmọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n òun náà kò béèrè orúkọ olùdarí ibẹ̀, kí ẹ pín owó irun náà sí méjì.